Kànga Tí A Dé ní Gáréèjì Òrè

Mo rántí ìgbà tí òórùn oògùn apakòkòrò borí ti epo dísù ní gáréèjì Òrè. Ẹni tó bá mọ Òrè á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìlú tí ọkọ̀ ń gbà láti Èkó lọ sí Bìní, tí àwọn arìnrìn-àjò ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó tún kọjá, òórùn èéfín ọkọ̀ àti ti dòdò inú epo gbígbóná la mọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò ọdún yẹn, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá ló gba gbogbo imú wa. Àrùn onígbáméjì ti wọ̀lú, èmi ni mo sì jókòó sórí àga alága káńsù.

Kì í ṣe pé mo wá àga náà. Igbákejì alága káńsù Òdìgbò ni mí nígbà náà. Kí n tó bọ́ sínú òṣèlú, aránṣọ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú Òdìgbò, mo sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ mi. Wọ́n mú mi nítorí pé ẹgbẹ́ ń fẹ́ obìnrin, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ tí àwọn ìyá ọjà mọ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún mi, gèlè tí mo wé ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tẹrí ba kí n tó wọ ọ́fíìsì mi. Mo rò pé ayé ti dé ọwọ́ mi. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kò sí nǹkan kan lórí tábìlì mi ju ìwé ìròyìn àná lọ. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ní Àjùé, bi mí nígbà kan pé, "Ọma mi, kí lo ń ṣe gan-an níbẹ̀?" Mo ní mò ń ran alága lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n sì ń pa kòkó wọn lọ.

Alága wa ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, olóòótọ́ èèyàn sì ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń la gọ́tà, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ká ṣòkòtò, tí wọ́n wọnú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá láti mọ bó ṣe jìn tó. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá béèrè oògùn, wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ ka ìwé nípa oògùn náà. Wọ́n ní ìdí. Alága tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn a máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é," á fọwọ́ síwèé, á sì kọjá lọ sí òde àríyá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọjà kan sí ojú àgbàrá ní Àgọ́ Aláyè, tí òjò àkọ́kọ́ sì gbé ẹja wọ inú ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bi í, ó ní, "Ẹ lọ bi ẹnjiníà." Wọn kò lọ bi ẹnjiníà kankan. Ọjọ́ ìbò ni wọ́n dá a lóhùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Alága tiwa wáá búra pé kò sí ohun tí yóò gba ọwọ́ òun kọjá tí òun kò ní fojú ara òun rí.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú méjì péré ni Ọlọ́run fún wọn, agbègbè wa sì gbòòrò. Ìwé ń dúró de ojú wọn, ọ̀nà ń dúró de ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé bá wọn, ó sì di dandan kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Igbákejì, ẹ bá mi mójú tó ibẹ̀. Ẹ má ṣe ohun ńlá kankan kí n tó dé." Mo ní kò sí wàhálà. Mo gbà pé kò sí nítòótọ́.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ kan ló kọ́kọ́ ṣubú ní gáréèjì. Ọmọbìnrin tó ń ta omi ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìyá aládòdò tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí ibi tí a lè gbé ẹsẹ̀ sí nínú ọsibítù káńsù. Wọ́n so dírípù mọ́ fèrèsé, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka igi níta. A sin àwọn kan.

Dókítà àgbà tó wà fún káńsù, obìnrin tí kò ì pé ogójì ọdún, tó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ti bá irú àrùn yìí jà rí ní etí omi lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Ó ní kànga tó wà lẹ́yìn gáréèjì ni àrùn náà ti ń wá, kí n fọwọ́ sí i kí àwọn dé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sọ̀rọ̀ kíákíá, ó fi gẹ̀ẹ́sì oníṣègùn dí i, mo sì ń mi orí bí mo ṣe máa ń mi ín nínú gbogbo ìpàdé. Mo ti gbé bírò. Àfi bí mo ṣe rántí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ iṣẹ́ ló ń ran aṣọ, òun ló mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé tí aṣọ kò bá a mu, èmi ló ń bi, n kò sì lè ní kó lọ bi ọmọ iṣẹ́. Mo gbé bírò sílẹ̀.

"Dókítà, ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"Kò sí àyè, mà. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá yé mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún Alhaji?"

Ó jókòó. Òun náà mọ ẹni tí Alhaji ń jẹ́. Àwọn ni àgbà àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, kò sì sí ọkọ̀ tó ń gbéra tí kò kí wọn. Àwọn ló gbẹ́ kànga náà ní sàdákà fún ìyá wọn tó ti kú, kí arìnrìn-àjò lè mu omi, kí olùjọsìn lè ṣe àlùwàlá, láìsan nǹkan kan. Ẹni tó bá sọ pé kànga náà ń pani, bí ẹni pé ó bú ìyá Alhaji nínú sàréè ni.

Dókítà fi ìka ya ilẹ̀ sórí tábìlì mi. Òkè rèé. Ṣáláńgá tuntun rèé, tí wọ́n gbẹ́ sí òkè kànga. Òjò ń rọ̀, ìdọ̀tí ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ ṣàn wá. Mo bi í bóyá oúnjẹ ni. Ó ní òun ti bi gbogbo aláìsàn: wọn kò jẹ oúnjẹ kan náà, ṣùgbọ́n omi kan náà ni wọ́n mu, àwọn tó ń mu omi kànga-dẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kò sì ní àìsàn kankan. Mo bi í bóyá a lè da oògùn sí kànga. Ó ní òjò kan á tún gbé ìdọ̀tí mìíràn wá sínú rẹ̀. Mo wáá bi í pé, "Bí a bá dé e, kí ni wọn ó máa mu?"

Ó wò mí lójú. "Ìyẹn tiyín ni, mà."

N kò lè sọ bí gbólóhùn yẹn ṣe rí lára mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wé gèlè gíga yẹn, ohun kan jẹ́ tèmi. Mo pe ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń fún epo lọ́nà Àjùé, mo ní kó yá wa ní táńkà omi rẹ̀. Mo pe àwọn tó ní kànga-dẹ̀rọ nílé wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí géètì. Nígbà tí omi ti délẹ̀ ni alága pè láti orí ibùsùn ní Ìbàdàn. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Báwo ni kànga náà ṣe jìn tó? Irú ilẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

"N kò mọ̀ ọ́n, Alága. Dókítà mọ̀ ọ́n."

"Nígbà náà, ẹ dúró dè mí kí n wá wò ó."

"Alága, èmi lè dúró dè yín. Àrùn yìí kò ní dúró."

Wọ́n ní, "Ẹ ṣọ́ra," wọ́n sì pa fóònù. Mo ka ọ̀rọ̀ kan yẹn sí ìyọ̀ǹda. Gbogbo ọgbọ́n òṣèlú tí mo ní nìyẹn.

Nígbà tí èmi àti dókítà dé gáréèjì, àwọn awakọ̀ ti yí kànga ká, ojú wọn kò rẹ́rìn-ín. Alhaji jókòó lórí àga onírọ̀gbọ̀kú lábẹ́ ìbòòji, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ohun tó gbé mi wá.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé omi ìyá mi ló ń pa èèyàn?"

"Rárá, Alhaji. Omi ìyá yín mọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣáláńgá tí wọ́n gbẹ́ sókè rẹ̀ ló bà á jẹ́."

Wọ́n bi mí bóyá oúnjẹ ni. Mo dáhùn. Wọ́n bi mí bóyá oògùn lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu mi bí ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré, àwọn awakọ̀ sì ń sún mọ́ wa. Wọ́n wáá ní, "Ìgbà wo la ó tó lè ṣí i?"

N kò bi dókítà ní ìyẹn. Mo lè purọ́. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. "Ibẹ̀ ni tèmi parí sí, Alhaji. Dókítà nìyí." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní ìjọba tí kò mọ nǹkan. Dókítà ṣàlàyé pé a ní láti dí ṣáláńgá náà, kí a tún omi yẹ̀ wò, pé ó sàn kí a gbẹ́ èyí tó jìn síbòmíràn.

Alhaji yíjú sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá mọ ibi tí ìmọ̀ òun parí sí, èmi á gbọ́ tirẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n ṣe àdúà fún ìyá wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé pákó àkọ́kọ́ lé ẹnu kànga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba gbohùngbohùn gáréèjì, wọ́n ní ẹni tó bá fa omi níbẹ̀, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ máa gbérò níbòmíràn.

Àwọn tí a ti sin, a ti sin wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ìyá aládòdò ló jáde kẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kọ́ńdọ́kítọ̀ tó kọ́kọ́ ṣubú, tí òun ti jáde ṣáájú, sì gbé ẹrù ìyá náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí a kọ́kọ́ fa omi nínú kànga-dẹ̀rọ tuntun, tí orúkọ ìyá Alhaji wà lára rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tírélà orí márosẹ̀ sì ń dá wọn lóhùn láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Alága ti dé, wọ́n fi ọ̀pá rìn wá. Wọ́n bi mí bó ṣe jìn tó.

"Ẹ bi ẹnjiníà. Èmi, ẹ bi mí ìdí tí a fi gbẹ́ ẹ síbí."

Wọ́n bi mí, mo sì sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fi ń dùn wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, tábìlì mi kò ṣófo mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Mo ti padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Òdìgbò, àwọn tó fẹ́ dupò sì máa ń wá kí mi. Nígbà ìbò tó kọjá, wọ́n kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn kan kí àwọn ará ìlú lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọ̀kan ní kò sí ohun tí òun kò mọ̀. Èkejì ní òun á kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, òun á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Mo dìde, mo bi wọ́n pé, bí ó bá bàjẹ́ ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ni ká wá? Ọmọbìnrin kan láti Àgọ́ Aláyè, tó jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà àwọn tó ń dupò, ló fa gbohùngbohùn mọ́ra.

"Ilé mi ni kí ẹ wá, mà. Bí n kò bá mọ ìdáhùn, a ó jọ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó. Òun ni mo dìbò fún, ó sì wọlé.