Àǹtí Télọ̀ àti Aṣọ Ọjọ́ Ìbí Ọmọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò fẹ́ràn mi ni, kí ni mo fẹ́ fi bò ó? Bí o ṣe bi mí yẹn ni gbogbo èèyàn ń bi mí: "Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ jọ rìnrìn àjò, tí ẹ ò sì pa ara yín?" A ò pa ara wa o! Ó kù díẹ̀ ni. Jókòó dáadáa, jẹ́ kí n sọ fún ẹ.

Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan báyìí ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà, òun náà ni wọ́n fi rán an níléèwé. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà aṣọ wọn, òwú á sì ti wà lójú ẹ̀. Tí o bá dì mọ́ wọn, á gún ẹ. Èmi ò kúkú dì mọ́ wọn rí.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà ìgbéyàwó wa, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo lọ ra gáùn rẹ́dímédì ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò mọ̀ pé nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í bẹ Àǹtí níṣẹ́. Tí ayẹyẹ bá ti dé, wọ́n á ti gé aṣọ ẹ sílẹ̀, o kàn máa lọ bá wọn láti wọ̀ ọ́ wò ni. Èmi ń dúró kí wọ́n pè mí, àwọn náà ń dúró kí n wá. Látìgbà yẹn ni mo ti di Ìyàwó Rẹ́dímédì. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á pe ọkọ mi, wọ́n á pe ọmọ mi. Èmi á rọra yọ́ wọlé bí ológbò.

Ọkọ mi wá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ní ká jọ lọ sílùú òkèèrè, kí Àǹtí náà lè wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Lọ́jọ́ kẹta tá a débẹ̀, ó ní ká yí ọjà po, ká sì wá ibi tá a ti máa mu kọfí. Inú mi dùn débi pé mo ń fò! Ọjọ́ kejì lọmọ mi máa pé ọdún mẹ́ta, gáùn tó máa fi ya fọ́tò ni mo ń wá.

"Ọmọ ilé wa ò ní wọ rẹ́dímédì," Àǹtí sọ fún ọkọ mi. "Sọ fún un."

"Àǹtí mi, ó ń gbọ́ yín."

"Mo ní kó o sọ fún un."

Ọjà yẹn gùn, páànù ló wà lókè, ilẹ̀ ẹ̀ tutù rinrin. Gbogbo ìsọ̀ tá a dé, Àǹtí á yí aṣọ padà sínú, wọ́n á yínmú sí i. "Wo inú ẹ̀! Ta ló rán èyí, ẹni tí ń sùn lọ́wọ́?" Àfi bá a ṣe dé ìdí gáùn yẹ́lò kan, òdòdó wẹ́wẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Ọmọ mi gbá a mọ́ra, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Àǹtí di ìṣẹ́tí ẹ̀ mú, wọ́n rí orí òwú kan, wọ́n fà á. Bí wọ́n ṣe ń dán iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn wò nìyẹn. Òwú náà tú, ó ń tú lọ, ó ń tú lọ, títí gbogbo ìṣẹ́tí fi já wálẹ̀.

Obìnrin tó ni ìsọ̀ figbe ta! Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ló ń gbà. Ó gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ dí wa lọ́nà. Ọkọ mi ń tẹrí ba bí aláǹgbá, ó ń fi èdè wọn sọ "ẹ jọ̀ọ́" tó kọ́ nínú fóònù. Ni Àǹtí bá jókòó lórí àpótí yẹn gan-an! Wọ́n já aṣọ gbà, wọ́n fa abẹ́rẹ́ yọ láyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Obìnrin yẹn wá ranjú mọ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n jù ú sí i.

"Gbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di aṣọ nìyẹn."

Mo yáa yọ owó. Obìnrin náà yí gáùn padà, ó wo inú ẹ̀ títí, ó wá gbé e pa mọ́ sẹ́yìn. Kò tà á mọ́! Ó lé wa bí ẹní lé adìẹ.

Ilé kọfí lèmi ti bú gbàù. Àǹtí kọjú sí ògiri, mo yí àga mi lọ bá wọn níbẹ̀.

"Àǹtí, kí lọmọ mi máa wọ̀ lọ́la?" Mi ò pariwo mọ́ wọn rí. Àwọn tó ń mu tiwọn yíjú wò wá.

Àǹtí ro kọfí wọn. "Kọfí yìí le, àmọ́ ẹnu ẹlòmíì tún le jù ú lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mu tèmi tán," ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀.

A padà sílé tá a háyà. Àǹtí gbé báàgì wọn wọ kíṣìnnì, wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ bomi mu, mo bá ṣí i. Léèsì funfun ló wà lórí tábìlì, wọ́n ti gé e sílẹ̀ tipẹ́, apá lọ́tọ̀, àyà lọ́tọ̀, ti àgbàlagbà. Wọ́n fi pín-ìn-nì mú ìwé kan mọ́ ọn, ìwé náà ti pọ́n: *Ìyàwó àbúrò mi. Àyà mẹ́rìndínlógójì.* Téèpù wọn ò kàn mí rí láyé mi, àmọ́ mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà ìgbéyàwó wa, géérégé! Wọ́n tẹ́ aṣọ ọmọ mi kan lé e láti fi mọ ìwọ̀n ẹ̀, wọ́n sì ń ki sísọ́ọ̀sì bọ àárín léèsì náà.

"Àǹtí, ta ló ni èyí?"

"Ẹni tí kò wá gbà á."

"Mi ò mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n wá, Àǹtí. Mo ń dúró kí ẹ pè mí ni."

Sísọ́ọ̀sì dúró díẹ̀. "Kúrò níbẹ̀, o dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá mo gbọ́ ìró abọ́. Wọ́n pe ọkọ mi. Wọ́n pe ọmọ mi. Mo ti ń múra láti yọ́ wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ìyàwó Rẹ́dímédì! Ṣé lẹ́tà ni kí n kọ sí ẹ ni? Mo pè ẹ́ nìyẹn o, kó o má tún lọ sọ fáráyé pé mi ò pè ẹ́. Wá jẹun!"