Jẹ̀dí Tí Bàbá Yaqub Ń Mu

Wọ́n ní Sìmbíátù ló fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Irọ́ ni o! Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Abúlé Òkúta, yàrá wọn ló kọjú sí tèmi, mo sì bá wọn dé ọsibítù.

Wàhábì lorúkọ ọkọ, Bàbá Yaqub la ń pè é. Pépà ló ń fi ẹ̀rọ gé nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Lọ́dún tí sójà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, pósítà àwọn tó ń du ipò pọ̀ nílẹ̀ débi pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Ni Sabina alágbo bá ní kó máa mu jẹ̀dí, ife kékeré kan láàárọ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀yìn rọ̀, oúnjẹ ń wọlé. Nígbà tó yá, ó ń mu òmíràn kó tó jẹun ọ̀sán, òmíràn tó bá ń bọ̀ wálé. Ó wá di odindi ìgò.

Moshood tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa yọ ọ́ lẹ́nu: "Àáfà, ẹ wá gba bíà kan."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí n wá di ọ̀mùtí bíi tìẹ?" Ife jẹ̀dí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o!

Ìgbà tí pósítà ìbò mìíràn fi dé, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, inú rẹ̀ ti wú. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá, ẹ̀dọ̀ yín ti bàjẹ́. Ọtí wo lẹ máa ń mu?"

"Èmi? Ẹ gbé Kùránì wá kí n búra!"

Sìmbíátù yọ ìgò jẹ̀dí nínú báàgì. "Dókítà, òun nìkan ló ń mu. Oògùn ni."

Dókítà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yára gbé imú kúrò. "Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò igi yìí! Nígbà tó kéré, ìrora ló kàn ń bò mọ́lẹ̀. Odindi ìgò lójoojúmọ́ ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ wo ló fẹ́ gbà á?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ó máa ń ta lẹ́nu. Àgbo la kàn ń pè é!

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú. Lọ́sàn-án tí mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un kẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Rẹ̀mí, wọ́n á fẹ́ dá Sìmbíátù lẹ́bi. Ẹ sọ fún wọn, kódà ní mọ́ṣáláṣí, pé ọtí ló pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un pé mi ò mọ̀."