Ìlú Inú Kọ̀ǹpútà Tí Òjò Kì Í Rọ̀

Nígbà tí wọ́n sin alága àdúgbò wa ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan dìde, ó ní olóògbé ló mú ìdàgbàsókè wá sí apá ọ̀dọ̀ wa ní Festac. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ṣe ojú ayé, mo sì mọ ohun tí alága náà ṣe, torí inú pálọ̀ mi ló ti ṣe é. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Àwọn tí òkú náà ta ilẹ̀ fún ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìfètò-ìlú ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń ya ibi tí títì yóò gbà, ibi tí gọ́tà yóò gbà, àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mọ̀dámù.” Tó bá yá, ẹ ó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó rí ilé epo lórí ibi tí ẹ kọ “pápá ọmọdé” sí. Tí ẹ bá bèèrè, wọ́n á ní òkè ló ti wá. N kò mọ ibi tí òkè yẹn wà títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo èèyàn, ọmọbìnrin mi ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá fún mi, kí n má baà máa dá bínú nínú ilé. Eré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú. Wọ́n á fún yín ní ilẹ̀ òfìfo. Ẹ ó la títì, ẹ ó ya ibi tí èèyàn ń gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ọjà, ẹ ó gbé ẹ̀rọ amúnáwá kalẹ̀, ẹ ó bu owó orí. Tí owó orí bá pọ̀ jù, àwọn ará ìlú á kó lọ. Tí kò bá sí iná, wọ́n á kó lọ. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Amuwo-Odofin wa níbí, a máa ń jókòó sínú òkùnkùn títí a ó fi gbàgbé iná, kò sì sẹ́ni tó ń kó lọ. Jẹnẹrétọ̀ la ń rà.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń wá nínú eré ọmọdé. Nínú eré yẹn, ibi tí mo bá ní kí títì gbà, ibẹ̀ ló ń gbà. Kò sí ọ̀gá, kò sí òkè. Bí mo bá fi pápá sílẹ̀, mo lè sùn kí n jí, pápá náà á ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé agbára ló ń fa èèyàn sídìí ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ojú kì í tì, kí ohun tó yà dúró síbi tó yà á sí ti tó o.

Kílóòsì la ń pe àdúgbò kékeré bíi tiwa, tí títì rẹ̀ kò yọ síbì kankan. Pápá kan wà ní ìparí tiwa. Àwọn tó kọ́ Festac kò ṣèèṣì fi í sílẹ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, gbogbo gọ́tà wa ló sì ń da omi sínú rẹ̀. Alága wa, tí ilé tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga lẹ́nu ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, pé òun mọ àwọn oníṣòwò ní Mazamaza tó máa gbà á. Ilé tèmi ló fẹ̀gbẹ́ kan pápá náà. Bí wọ́n bá dí i, ọ̀dọ̀ mi lomi máa kọ́kọ́ yà sí.

Mo bá ya kílóòsì wa sínú eré náà, ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan pápá. Èèyàn wa kì í ka àwòrán orí bébà sí, ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, àmín ni wọ́n ń ṣe sí i. Mo fẹ́ kí wọ́n rí bí àdúgbò tó létò ṣe ń rí.

Sátidé ìmọ́tótó, ní ìparí oṣù, tí ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láàárọ̀, ni ìpàdé wa máa ń bọ́ sí. A ti kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà tán. Wọ́n to ṣọ́bìrì sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n wọlé tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Wọ́n gbàdúrà ní ti Mùsùlùmí, wọ́n gbà á ní ti Kristẹni. Mo tan kọ̀ǹpútà.

Àlàájà tó ń ta èlò oúnjẹ nílé kejì sí tèmi sún mọ́ ọn. “Ilé mi rèé? Ó mà kéré o. Ìyá, ẹ bá mi fi òkè kan kún un.”

“Ẹ kọ́kọ́ kun èyí tí ẹ ń gbé, Àlàájà,” ẹnìkan ní lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Alága dúró lẹ́yìn àga mi. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó máa ń dùn tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. “Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tí a bá wá fi ṣọ́ọ̀bù sí pápá yẹn ńkọ́, mà?”

“Ibi tí omi ń lọ ni.”

“Mo gbọ́, mà. Ṣebí eré ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó.”

Gbogbo wọn ní ká wò ó. Mo fi ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé ìtajà fi hù bí olú, ọkọ̀ ń wọlé, owó ìlú ń gòkè, inú àwọn ará ìlú inú ẹ̀rọ ń dùn. Pálọ̀ mi kún fún àtẹ́wọ́.

“Ẹ dúró ná,” mo ní. “Òjò kì í rọ̀ nínú eré yìí. Àwọn tó ṣe é ò fi òjò sí i.”

“Ẹ gbọ́ Àǹtí,” alága ní. “Nígbà tí ẹ̀rọ ń gbè wọ́n, ẹ̀rọ gbọ́n. Ó ti wá sọ́dọ̀ wa báyìí, kò mọ òjò mọ́.”

Ẹ̀rín sọ. Àlàájà fọwọ́ kàn mí léjìká. “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin náà lẹ pè wá wá wò ó.”

Alága bèèrè ẹni tó fara mọ́ ọn. Wọ́n nawọ́ sókè, ẹrẹ̀ gọ́tà kò tíì gbẹ lọ́wọ́ òmíràn. Àwọn tó la ọ̀nà fún omi láàárọ̀ ló fi ọwọ́ kan náà dí ibi tó ń lọ.

Mo gba ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n fún mi lága, wọ́n pè mí ní màmá, wọ́n ní òkè ti fọwọ́ sí i.

Alága ta ilẹ̀ pápá náà, ṣọ́ọ̀bù sì parí kí òjò tó dé. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, omi wọ pálọ̀ mi títí ó fi bo ìjókòó àga. Ó wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, ó ba ìrẹsì àti ṣúgà Àlàájà, tó ti gba ọ̀kan nínú wọn, jẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ló kù lórí tábìlì gíga tí kò rin. Ní ti alága, gáréèjì rẹ̀ nìkan lomi kàn.

Ó wá sẹ́nu géètì mi, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ní kí n yá òun ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbọ́n omi dúró, wọ́n ń wò wá. Ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́.

“Àǹtí, ẹ̀rọ yín yẹn tàn wá jẹ o.”

Àwọn kan mi orí. Mo rí wọn, mo sì mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ títí dòní nìyẹn: kọ̀ǹpútà ìyá yẹn ló ní ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀rọ ò ní ilẹ̀ tó ń tà,” mo dá a lóhùn.

Ó na ọwọ́, mo fún un ní bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, aláwọ̀ búlúù, tó ní ìdérí, kò sì dá a padà. Nígbà tí iná dé, mo tan kọ̀ǹpútà, mo wó àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, pápá sì padà sípò rẹ̀. Kò gbà mí ju pé kí n tẹ bọ́tìnnì. Ṣọ́ọ̀bù ti òde ṣì wà níbẹ̀, ọdọọdún la sì ń gbọ́n omi.

Níbi ìsìnkú, wọ́n ka gbogbo ohun tí olóògbé fi sáyé lọ: ilé, ọmọ, oyè, ṣọ́ọ̀bù. Mo fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán. Wọn ò dárúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.