Obìnrin Oníṣọ́bìrì

Mi ò tíì rí orúkọ tí mo lè fi pe iṣẹ́ mi tó máa yé àwọn ará ìjọ wa. Mo máa ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tó ń dẹ́rù bani, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣe fídíò lédè Yorùbá láti ṣàlàyé ìtàn inú rẹ̀: ta ni ìkà ibẹ̀, kí ló sọ ọ́ dìkà, báwo ló sì ṣe parí fún un. Àwọn èèyàn ń wò ó. Àwọn kan ń bú mi lábẹ́ rẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n wò ó tán. Màmá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ní bí àwọn ṣe fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ èèyàn níwèé, iwin lèmi ń kọ́.

Ṣógúnlé ni ilé wa wà, níbi tí bàlúù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé débi pé èèyàn á dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ títí ariwo rẹ̀ á fi lọ. Àwa méjì péré la ń gbébẹ̀ látìgbà tí bàbá mi ti kú. Pálọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Mọ́mì á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á ní àwọn ò wo nǹkan kan. Irọ́ ni, wọ́n ń wò ó.

Géèmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilé ńlá kan ló dá lé lórí. Ẹni tó ń gbá a há sínú ilé náà, ó sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń wọ́ ṣọ́bìrì kiri. Ìró irin lórí símẹ́ńtì lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ kó tó yọ. Tó bá mú ọ, á gbé ọ sínú kòtò, á tẹjú mọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, á wá da erùpẹ̀ bò ọ́. Kòtò ló kún gbogbo ọgbà ilé náà. Ohun tí wọ́n jẹ́ ká mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju pé ọmọkùnrin rẹ̀ kú, àwọn ará ilé sì sin ín láìjẹ́ kó mọ ibi tó wà.

Kíá ni mo kọ àlàyé tèmi. Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú: ọmọ tirẹ̀ kú, ó wá fẹ́ kí gbogbo abiyamọ sunkún. Mo kà á sókè, bí mo ṣe máa ń ṣe kí n tó gba ohùn sílẹ̀, mo sì ń gbádùn ẹnu ara mi.

"Irọ́ lò ń pa mọ́ ọn," ni Mọ́mì wí.

Mo yíjú sí wọn. "Ta ni, mà?"

"Ìyá yẹn. Ṣé o ò rí bó ṣe ń wojú wọn ni? Ẹni tó kàn fẹ́ pààyàn, kí ló fẹ́ fojú ẹ̀ ṣe? Ó ń wò ó bóyá ọmọ òun ni. Tí kì í bá ṣe òun, á bò ó padà, á lọ gbẹ́lẹ̀ síbòmíì."

"Mọ́mì, èèyàn ń kú níbẹ̀ o."

"Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi. Mo ní o ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Kí wọ́n tó bí mi, Mọ́mì ti bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ibà gbé e lọ. Láṣà tiwa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, wọn kì í sì í fi ojú oórì rẹ̀ hàn án. Àwọn obìnrin àdúgbò di Mọ́mì lọ́wọ́ mú ní yàrá, àbúrò bàbá mi sì gbé òkú jáde. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wọn. Wọ́n ní tí Mọ́mì bá mọ̀ ọ́n, ẹkún ò ní tán lójú wọn. Bàbá mi pàápàá kú láìmọ̀.

Èmi mọ̀. Lọ́dún tí àbúrò bàbá mi fẹ́ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Èjìgbò, èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gún irin mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, àbúrò bàbá mi sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Má sọ fún ìyá rẹ o." Ibẹ̀ gan-an ni Mọ́mì máa ń gbé àpótí jókòó sí tá a bá lọ ṣọdún lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n á máa gé ẹ̀fọ́, tí wọ́n á máa bá gbogbo ilé tàkúrọ̀sọ. Mo pa á mọ́ra, mo sì ń pe ìpamọ́ náà ní ìfẹ́.

Ìparí méjì ló wà fún obìnrin inú géèmù náà. O lè tì í mọ́lé kó o dáná sun ún, o sì lè mú un lọ sí ìdí igi kan lẹ́yìn ilé, níbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Àwọn tó ń gbá a ń jà lórí èwo ni òótọ́, wọ́n sì ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Iná ni mo yàn. Mo sọ fún Mọ́mì pé àwọn òyìnbó tó ṣe é ni ò mọ àṣà, pé ta ló ń fi sàréè ọmọ han ìyá? Iná ń jó obìnrin náà, ó ń ké. Mọ́mì gbé ẹ̀gúsí wọn, wọ́n wọ kíṣìnì lọ. Wọn ò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Látìgbà náà ni ìró ṣọ́bìrì yẹn ti ń bá mi rìn. Mo lọ ra wáyà ní Òṣòdì, àwọn lébìrà kan ń po kọnkéré lẹ́bàá rélùwéè. Bí irin ṣe ha ilẹ̀ báyìí, mo fò sẹ́yìn, mo kọ lu obìnrin oníbúrẹ́dì kan. "Kí ló ń lé ẹ?" ló bi mí. Kì í ṣe obìnrin inú kọ̀ǹpútà ló ń bà mí lẹ́rù. Ojú tó fi ń wo àwọn tó wà nínú kòtò, mo ti mọ̀ ọ́n nílé wa tipẹ́. Mọ́mì kì í lè kọjá níbi ìtẹ́ òkú kí wọ́n má dúró ka orúkọ ara àwọn sàréè.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jókòó sí pálọ̀ láìbọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Tan nǹkan yẹn," ni wọ́n wí. "Mú ìyá yẹn lọ sídìí igi."

Mo tún un gbá dé ìparí. Mò ń lọ níwájú, obìnrin náà ń wọ́ ṣọ́bìrì bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tá a dé ìdí igi náà, ó jọ̀wọ́ ṣọ́bìrì, ó dùbúlẹ̀, ó sì rọra ń fọwọ́ pa ilẹ̀ lára bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Kò dìde mọ́.

"Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ," ni Mọ́mì wí. "Tèmi kú, ẹ tún jẹ́ kó nù mọ́ mi lọ́wọ́."

Mi ò lè wojú wọn.

"Ìwọ náà mọ̀, àbí? Mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́."

Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, màá pa wọ́n. "Mo mọ̀, mà."

"Ṣé ó jìnnà?"

"Kò jìnnà. Ẹ ti débẹ̀ rí." Mo ti ń sunkún. "Ẹ̀yìnkùlé Èjìgbò ni, lẹ́bàá ògiri."

"Ibi tí mo máa ń jókòó sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Wọ́n sunkún gan-an, èmi náà sì jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi nujú.

"Ó ń gbọ́ ohùn mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Gbogbo ọdún yẹn, ó ń gbọ́ ohùn mi."