Ìbéèrè Tí Fada Bi Àfẹ́sọ́nà Mi

Òórùn ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kí mi bí mo bá gun òkè dé ilé àwọn Fada ní Atakpamé, láyé ìgbà tí Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ wa lọ́wọ́ Jámánì. Òórùn dáadáa ni, èmi náà gbà, ṣùgbọ́n títí dòní mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni káfíńtà tó ń kan àga ìjókòó fún ìjọ ti máa ń ṣiṣẹ́. Èérún igi á wà nínú irun rẹ̀, á máa súfèé. Bí àfẹ́sọ́nà mi bá ń kọjá lọ síbi ẹ̀kọ́ katikísìmù, káfíńtà á sọ nǹkan kan fún un, òun náà á fèsì, á sì rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ọ̀rẹ́, ìwọ náà mọ bí a ṣe ń fẹ́ ìyàwó nígbà náà. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti fi í fún ìdílé wa, èmi ni mo sì ń sìn àna. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, a ó lọ kọ ebè iṣu fún bàbá rẹ̀ ní Datcha, abúlé wọn. Àtẹ́lẹwọ́ mi le bí èèpo igi nítorí ọmọbìnrin yẹn. Òun ló máa ń gbé omi wá fún wa lóko. Á kúnlẹ̀, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ìtìjú ni. Lójú tèmi, ó ti di ìyàwó mi láti ọjọ́ tí mo ti kọ ebè àkọ́kọ́, ó kù ká gbé e wálé.

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi tán pátápátá lọ́dún tí káfíńtà yẹn dé. Bí mo bá gbọ́ pé ó wá wo igi ní Datcha, èmi náà á wá nǹkan ṣe lọ síbẹ̀. Bí mo bá rí i nínú aṣọ funfun rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ojú mi á máa tẹ̀ lé e títí á fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́ Faransé díẹ̀, ó ní bàtà, wọn kì í sì í pè é síbi iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe tí kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, fi ń dá wa lóró, nítorí iṣẹ́ Fada ló ń ṣe. Kí ni èmi ní? Ebè.

Àsìkò yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu katikíìsì, ẹni tó ń kọ́ni ní katikísìmù, pé ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe níwájú pẹpẹ, ikú nìkan ló lè tú u. Ọ̀rẹ́, inú mi dùn dẹ́yìn! Mo ní ọwọ́ káfíńtà kò ní tó o mọ́ láéláé. Èmi tí n kì í wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Èdè Ewe ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ìdajì rẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n mo há gbogbo ìdáhùn náà sórí, mo sì ń kà á wéréwéré. Ní Ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún mi. Kò pẹ́ rárá tí mo fi lọ bá bàbá àna mi pé ṣọ́ọ̀ṣì la ó ti ṣe ìgbéyàwó náà. Ó gbà, kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé kí Fada tó so tọkọtaya pọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin náà fúnra rẹ̀, láìsí bàbá, láìsí ọkọ. Lọ́jọ́ tí a lọ, ó ní kí èmi àti bàbá àna mi jókòó síta. Ó pe àfẹ́sọ́nà mi wọlé pẹ̀lú katikíìsì tó ń gbufọ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, a sì ń gbọ́ wọn.

"Ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí?"

"Bàbá mi ti fi mí fún un."

"Mo gbọ́. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Bàbá àna mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, bí ẹni tó fẹ́ rán an létí pé òun wà níta.

"Ẹ jọ̀ọ́, Fada, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Bàbá àna mi fò dìde, ó ń pariwo pé ọmọ òun dójú ti òun. Fada jáde sí wa, kò bínú. Ó ní Ọlọ́run ló dá ọmọ yìí ní àwòrán ara rẹ̀, òun ló sì fún un ní làákàyè tó fi ń ronú. Bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò bá fipá mú ẹnikẹ́ni gba òun gbọ́, ta ni àwa tí a ó fipá mú un wọlé ọkọ? Katikíìsì ń wolẹ̀ bó ṣe ń gbufọ̀, nítorí òun náà ní ọmọbìnrin tó ti fi fún ẹnìkan. Fada wá yíjú sí mi.

"Ìwọ, ṣé o ti bi í rí?"

Mo dìde, mo kúrò níwájú rẹ̀.

Mo gbà pé káfíńtà ló kọ́ àfẹ́sọ́nà mi ní èsì yẹn. Mo yà bá a nídìí iṣẹ́ rẹ̀, mo ní kí ló wà láàárín òun àti ìyàwó mi. Ó fi ayùn sílẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń bi ìyàwó yín pé kí ni wọ́n rí sí àga tí mò ń kàn ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ga jù. Òótọ́ ni, mo gé e kù."

Ìgbà yẹn gan-an ni owú gidi tó mú mi. Ká ní ó fún un láṣọ ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè ṣe. Ó kàn bi í ní èrò rẹ̀ ni, ó sì fetí sí i.

Bàbá rẹ̀ ní òun á fipá gbé e wá fún mi, kí n má dá Fada lóhùn. Ó wù mí kí n gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ní fèrèsé yẹn kò kúrò létí mi. Mo lọ bá ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò, mo ní, "Ṣé o fẹ́ mi?"

Ó gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i."

Ó fi gbogbo ìgbà òjò ronú. Mo jowú káfíńtà, mo jowú àga, mo jowú gbogbo ẹni tó jókòó lé e. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó wá bá mi lóko, ó ní, "Mo ti rò ó. Mo fẹ́ yín."

Ìgbà tí a dúró níwájú pẹpẹ, tí Fada ń bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n ti bi èmi náà ní ìbéèrè kan rí, lọ́jọ́ ìrìbọmi mi: ṣé o gbàgbọ́? Wéré ni mo dáhùn lọ́jọ́ náà, nítorí obìnrin tí mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbéyàwó kí n tó jókòó ro ìdáhùn yẹn, kí n sì dáhùn ní tòótọ́. Ìyàwó mi mú mi dúró fún ìgbà òjò kan, mo sì rò pé mo ti jìyà. Ọlọ́run dúró dè mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.