Enoch Tasker, Ẹni Tó Fi Kíkú Jẹun

Nígbà tí wọ́n bí Enoch Tasker ní Grimsby, létí èbúté ẹja, agbẹ̀bí wò ó títí, ó ní, "Ó lágbára o, ìyá ọmọ." Bí ọmọ bá lẹ́wà, ẹwà ni agbẹ̀bí kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Imú Enoch tẹ́ pẹrẹsẹ, iwájú orí rẹ̀ yọ síta bí ìbòrí ìsọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì tó ẹni méjì í lò. Bàbá rẹ̀ ń já ẹja kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Tó bá di ọ̀sán, á wọ ilé ọtí, á jáde, á sì lu ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé. Enoch lẹni náà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ọmọ tó gbọ́ràn ni, ó máa ń dúró de bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ó ṣe kọ́ ìjà nìyẹn: ó kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀ṣẹ́ ń balẹ̀ sí. Kó tó hu irùngbọ̀n, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń ṣubú tí egungun kì í ṣẹ́, ó sì mọ irú igbe tí èèyàn fi ń jẹ́ kó dá ẹni tó ń lù ú lójú pé iṣẹ́ òun ti yanjú, kó lè lọ jẹun. Nígbà tó yá, bàbá yìí pàdé ẹni tó yájú jù ú lọ. Ọkùnrin náà fi ìwọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ àpótí ẹja fà á nínú ya láti ìdodo dé àyà, lójú gbogbo èbúté. Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn kan wá láti rí i dájú.

Ìyáàfin Winifred Pole ló ni ẹgbẹ́ òṣèré ìlú nígbà náà. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ó ń wá ẹni tí wọ́n á máa tì lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí kò ní máa ké pé ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ṣé o lè ṣeré?" ló bi Enoch.

"Mi ò mọ̀, màmá. Àmọ́ mo lè ṣubú."

"Ó dáa. Ṣubú kí n rí ẹ."

Enoch gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó sì bọ́. Èjìká gbá ògiri, orí gbá irin, ẹsẹ̀ kọjá lórí orí, ó balẹ̀ gbì, ó na gbalaja. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti ń gbàdúrà fún ọkàn rẹ̀ nígbà tó dìde, tó bi wọ́n bóyá kí òun tún un ṣe.

Inú iṣẹ́ náà ló ti kọ́ pé "olólùfẹ́" ni àwọn òṣèré ń pe ara wọn, àgàgà bí wọ́n bá kórìíra ara wọn. Ó tún kọ́ òfin kan tó yà á lẹ́nu: lórí ìtàgé, ẹni tí wọ́n ń pa ló ń darí pípa náà. Bí mo bá fún ọ lọ́rùn, ọwọ́ mi kàn sinmi síbẹ̀ ni. Ìwọ lo máa di ọwọ́ mi mú, ìwọ lo máa jà ràpàràpà, ìwọ lo máa yọ ojú. Bí mo bá fi irun wọ́ ọ nílẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi ń rìn. Apani kò níṣẹ́ kankan ju kó bínú lọ. Lójoojúmọ́, kí aṣọ ìkélé tó ká, àwọn tó máa jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ìjà náà jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìyàwó àti ọkọ tó ń kọ́ ijó, kí wọ́n sì yẹ idà ara wọn wò. Kódà ẹni tó jà á lánàá gbọ́dọ̀ rìn ín lónìí. Ìrìn ìjà ni wọ́n ń pè é. Enoch rò ó pé ká ní bàbá òun mọ̀ ọ́n ni, ìgbà èwe òun ì bá dùn.

Ojú rẹ̀ kò yẹ ẹni tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tó ń jí obìnrin gbé ló yẹ. Torí náà, ọ̀sẹ̀ tó bá jẹ olè, wọ́n á yìnbọn pa á. Ọ̀sẹ̀ tó bá jẹ ọ̀dàlẹ̀, wọ́n á so ó kọ́. Ó mu májèlé, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n sọ ọ́ sí kànga. Àwọn obìnrin tó ń la ẹja ní èbúté máa ń gbé ìpápánu wá, wọ́n á sùn ní gbogbo ibi tí àwọn òṣèré ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Tó bá kù díẹ̀ kí Enoch kú, wọ́n á máa jí ara wọn: "Nellie, dìde, wọ́n fẹ́ pa á."

Akíkanjú tó ń pa á jù ni Desmond Fairlie. Desmond dára lọ́kùnrin, ohùn rẹ̀ dà bí oyin lórí búrẹ́dì. Ó máa ń wo imú rẹ̀ nínú dígí bí onílé ṣe ń wo ilé tó ń mówó wọlé. Nínú iṣẹ́ wọn, bí eré bá parí, gbogbo òṣèré á jáde wá tẹríba, akíkanjú ló sì máa ń jáde kẹ́yìn kí àtẹ́wọ́ lè jẹ́ tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan tí Desmond jáde báyìí, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Òkú dà? Ẹ gbé òkú jáde ká rí i!" Gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Desmond bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọ inú etí. Orúnkún tó yẹ kó dúró níwájú ikùn wọ inú ikùn. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ìka Enoch mọ́lẹ̀, ìka náà sì kán pẹ́ẹ́ bí igi ìṣáná.

"Ó mà ṣe o, olólùfẹ́. Ṣé ó kàn ẹ́ ni?"

"Díẹ̀ ni, olólùfẹ́."

Enoch kò fẹjọ́ sun. Òṣèré tó bá fẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sun, kò ní rí ẹni tó máa bù mílíìkì fún un níbi tíì.

Thirza, ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹja fún oníṣòwò kan, ló ń fi aṣọ di ìka náà. Apá obìnrin náà nípọn, ọ̀bẹ rẹ̀ kì í sì jìnnà sí i.

"Ta ló ṣe ẹ́ báyìí?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń wọ bàtà onígìgísẹ̀? Desmond ni. Fi orí kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Enoch. Tó bá rẹ̀ ẹ́, pè mí."

"Tí mo bá fọwọ́ kàn án, Màmá Pole á lé mi. Thirza, Oram ń bọ̀ ní Sátidé."

Oram ló ń bá àwọn tó ń ya sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù wá òṣèré. Ó ti gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Grimsby tó mọ̀ ọ́n kú, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá wò ó. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré rárá. Tẹlifíṣàn ti wọ ìlú, àga tó ṣófo nínú tíátà ti pọ̀ ju èyí tí èèyàn jókòó sí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì parí, wọ́n máa sọ ibẹ̀ di ìsọ̀ bàtà. Bí Oram kò bá mú Enoch, ó di èbúté nìyẹn, láàárín àwọn tó ń fi ìwọ̀ parí àríyànjiyàn.

"Kí n ṣáà dé Sátidé pẹ̀lú ojú méjì," Enoch ní. "Ìyẹn ni mo ń tọrọ."

Desmond náà gbọ́ pé ará sinimá ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé torí tirẹ̀ ni, àmọ́ kò wá sọ́kàn rẹ̀ pé ó lè jẹ́ torí ẹlòmíràn.

Ọ̀sán Sátidé pé. Ọ̀sẹ̀ yẹn, Enoch ni olóyè burúkú tó gbé ọmọge pamọ́ sínú ilé gíga, Desmond ni ọ̀gá ọmọ ogun tó wá gbà á sílẹ̀. Ìyáàfin Pole kan ilẹ̀kùn yàrá Desmond.

"Desmond! Ìrìn ìjà!"

"Màmá, ṣé ẹ máa kọ́ pẹ́pẹ́yẹ ní odò wíwẹ̀ ni?"

"Enoch ti ń dúró."

"Kó máa dúró. Mò ń para."

Èrò ti ń wọlé, Oram ti jókòó sí ọ̀wọ́ àga kẹta, obìnrin náà sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yẹ idà Desmond wò nìyẹn. Ní àárọ̀ náà, Desmond ti já idà bàbá bàbá rẹ̀ kúrò lára ògiri ilé, èyí tí bàbá náà fi jagun fún ọba, nítorí ó dá a lójú pé ará sinimá máa dá idà ìtàgé tí kò mú mọ̀. Ó sì pọ́n ọn díẹ̀ kó lè máa dán.

Enoch mọ̀ nígbà tí idà náà kọ́kọ́ kọjá. Àbẹ́là tó wà lórí tábìlì pín sí méjì, apá òkè kò tiẹ̀ mì.

"Desmond," ó sọ láàárín eyín, "kí nìyẹn?"

"Idà bàbá bàbá mi ni. Jà, olólùfẹ́, ó ń wò mí."

Idà balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Enoch gbé tirẹ̀ tí kò mú sókè, ó ṣẹ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta là á láti ìpéǹpéjú dé àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú kan. Ilé hó yèè.

"Nellie, wo pupa yẹn! Níbo ni wọ́n ti rí i rà?"

"Omi bíìtì ni, gbòǹgbò pupa yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń rà á fún wọn."

Ojú kan ló kù tí Enoch fi ń ríran. Àwọn òṣèré kì í dá eré dúró. Bí òrùlé bá ń jó, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ wọn tán kí wọ́n tó béèrè omi. Nítorí náà, Enoch rò ó pé kí òun tètè kú. Ó gbá ọwọ́ Desmond mú, ó fa idà náà sábẹ́ abíyá, ó kérora, ó yí po, ó sì kú. Ikú tó dára ni. Àmọ́ ìjà kò tíì dé ìdajì, Desmond kò sì tíì ṣe ibi tó ti máa ń fò lé orí tábìlì.

"Dìde!" ló sọ lábẹ́ ohùn.

"Mo ti kú."

"O ò tíì kú! Kò tíì tó àkókò!"

"Ẹni tí wọ́n ń pa ló mọ ìgbà, Desmond."

Desmond fà á lẹ́wù dìde. Enoch tún kú. Ó tún fà á, Enoch tún kú, èrò sì ti ń dìde lórí àga nítorí wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ni Desmond bá gún òkú náà nítan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ Ìyáàfin Pole, ti èbúté ni. Enoch dìde pẹ̀lú ariwo, ó di etí méjèèjì Desmond mú, ó sì fi orí kàn án. Imú tó ń mówó wọlé wó. Eyín kan fò lọ bá Oram ní ọ̀wọ́ kẹta. Desmond ṣubú sẹ́yìn, kò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Akíkanjú sùn, ọ̀daràn dúró, ọmọge ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, kò mọ ta lòun máa fẹ́. Enoch wo èrò, ẹ̀jẹ̀ ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Desmond dìde lọ́rùn ẹ̀wù, ó fi idà bàbá bàbá sí i lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú ṣinṣin. Ó wá jẹ́ kí ọkùnrin tó dákú náà bá òun jà. Desmond na idà, Desmond fò lé orí tábìlì pẹ̀lú orí tó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, Desmond lé Enoch yíká ìtàgé lẹ́ẹ̀mejì. Níkẹyìn, Desmond gún un láyà, abẹ́ abíyá ni idà náà gbà ní tòótọ́. Enoch pariwo, ó fi ẹ̀yìn ti akíkanjú rẹ̀ mọ́ òpó kó má baà wó, ó sì kú sí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nínú yàrá ìmúra, Thirza ń rán ọgbẹ́ ojú náà bí ẹni ń rán àwọ̀n. Ìyáàfin Pole dé.

"Mo lé ẹ. O fọ́ imú akíkanjú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Eré míì wà nírọ̀lẹ́ yìí. Ìgbà tó bá parí ni mo lé ẹ."

Oram wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí eyín náà po lọ́wọ́. "Ọ̀gbẹ́ni Tasker, mo mọ àwọn tí èèyàn lè pa. Mi ò tíì rí ẹni tí ẹni tó sùn lè pa. Ọjọ́ wo lẹ ráyè?"

Bó ṣe wọ sinimá nìyẹn. Àpá ojú rẹ̀ dùn mọ́ àwọn tó ń kun ojú fún òṣèré, ó dín iṣẹ́ wọn kù. Wọ́n jù ú láti orí òrùlé, wọ́n fi ọkọ̀ gbá a, wọ́n rì í sínú odò Thames ní oṣù January, ọ̀nì onírọ́bà gbé e mì. Ìgbà kan wọ́n pa á láti àárọ̀ di ìgbà mímu tíì nítorí ìkùukùu ń bo oòrùn. Ó kọ́lé fún Thirza, èéfín ẹja kúrò lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún fi ìwọ̀ halẹ̀ mọ́ Enoch láyé.

Nígbà tó ti darúgbó, wọ́n fún un ní ipa àlùfáà abúlé kan tó ń mu tíì, tó ń fi ọgbọ́n gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn, tí kò kú. Inú rẹ̀ dùn, ó ra aṣọ tuntun, ó mú Thirza lọ sí sinimá Grimsby. Ilé kún. Bí àlùfáà bá gbé ife tíì, gbogbo èèyàn á di àga mú. Bó bá sún mọ́ fèrèsé, obìnrin kan á pariwo pé kó kúrò níbẹ̀. Fíìmù parí, iná tàn, kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá àgbà kan lọ bá mánéjà, ó ní kí ó dá owó òun padà, pé wọ́n ti gé ìparí rẹ̀ kúrò.

"Mo sọ fún ẹ, Enoch," Thirza ní, ó ń so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Ta ló máa kúrò nílé lọ wo bí o ṣe ń mu tíì? Mò ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, kò dùn."