Ta Ló Dúró Nínú Eruku Òwú?

Bí ẹ bá dé Ilo-Awela, tí ẹ béèrè Bàbá Rẹ́jísítà, kò sẹ́ni tí kò ní júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ṣótúndé lorúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ló máa ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ òwú kan ní Sango. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí ìjọ kan ra ọgbà rẹ̀, wọ́n fẹ́ dáná sun àwọn rẹ́jísítà. Òun ló rù wọ́n wálé. Susanna ìyàwó rẹ̀ ní eku nìkan ló ń kà wọ́n. Kì í sì í sú Bàbá láti sọ pé kò sí irọ́ kan nínú ìwé òun.

Lásìkò tí yunifásítì ń hù bí olú káàkiri Ọ̀tà, Dókítà Démiládé wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó ń wádìí ohun tí eruku òwú ń ṣe fún àyà.

"Bàbá, a lè kó àwọn òṣìṣẹ́ òní jọ, ká máa tẹ̀ lé wọn fún ogún ọdún," ó ní. "Àmọ́ pẹ̀lú ìwé yín, ẹ̀yìn la ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà nínú eruku nígbà yẹn lọ́tọ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́tọ̀, ká wá wo àyà gbogbo wọn báyìí. Ẹ ti bá wa fi ogún ọdún pamọ́ sínú páálí!"

Inú Bàbá dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ. Ìwé náà sọ pé Susanna lo ọdún mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń tú òwú, àárín eruku gan-an. Kùdírátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ni tirẹ̀, níbi tó mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà padà wá, ó bá Bàbá, Susanna àti Kùdírátù nílé.

"Ó yà mí lẹ́nu o. Àyà Màmá tó wà nínú eruku dá ṣáká. Màmá tó ń ká aṣọ ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í ṣe àwọn nìkan ni mo rí bẹ́ẹ̀. Bóyá eruku òwú ò tiẹ̀ burú tó bí a ṣe rò."

Ojú ti Bàbá. Ó lè dákẹ́, kí orúkọ rere rẹ̀ má bàjẹ́, ṣùgbọ́n nígbà náà, wọn ó kéde pé eruku ò ṣe nǹkan kan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bàbá wá bá a lórí àga nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

"Dókítà, irọ́ wà nínú ìwé mi."

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí Susanna lóyún àkọ́kọ́, Kùdírátù ní kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ibi iṣẹ́, kí òun wọ inú eruku dípò rẹ̀. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí náà ibi tí ọ̀gá yàn wọ́n sí ni Bàbá ń kọ. Oyún di Bíọ́lá, Bíọ́lá ní àbúrò méjì, pàṣípààrọ̀ di ọdún mẹ́fà. Àwọn mẹ́wàá mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rántí gbogbo wọn.

Dókítà ò bínú. Ó na bírò sí i. Bàbá kọ òtítọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ara sì tù ú ju bó ti rò lọ.

Susanna kúnlẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi lójú.

"Dìde jàre, Ìyá Bíọ́lá," Kùdírátù wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. "Tí oyún mìíràn bá tún dé, ìwọ lo máa wọ inú eruku o."